Èdè Ṣáínà fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Rin Ìrìn-Àjò

Ẹni tí ó bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ohun tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá. Fóònù tí ọmọ ilé-ìwé ń tẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tí ó ń kùn níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, àpò tí ìyá ọlọ́jà gbé kọ́ apá bí ó ti ń lọ sí Mile 12, bàtà ẹsẹ̀ agbèrò pàápàá, púpọ̀ nínú irú nǹkan wọ̀nyí ni a ṣe ní ilẹ̀ náà. Ojú irin tí ó lọ láti Èkó dé Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, tí wọ́n sì ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà kan tí ń jẹ́ CCECC ni ó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni ó ṣe ojú irin Aláwọ̀ Búlúù ti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àti Aláwọ̀ Pupa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024.

Ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1971 ni ìjọba Nàìjíríà àti ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ àjọṣe. Láti ìgbà náà ni ohun-ọjà ti ń wọlé, ṣùgbọ́n èdè kò bá a wọlé. Àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá ń lọ sí ìlú Guangzhou láti ra ẹrù, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà ńlá kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti ọdún 1957. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé ògbufọ̀ ni ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ògbufọ̀ bá jẹ́ olóòótọ́, òwò náà yóò gún. Bí kò bá jẹ́ olóòótọ́, owó oníṣòwò wà ní ẹnu ẹlòmíràn. Àwọn àgbà wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú, báwo ni yóò ti ṣe béèrè?

Kò ṣòro fún ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ láti rí ibi tí a ti ń kọ́ èdè yìí. Ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, tí kò jìnnà sí Alápẹ̀rẹ̀, Ilé-Ẹ̀kọ́ Confucius kan wà tí yunifásítì náà àti Beijing Institute of Technology jọ dá sílẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí ó rọrùn fún ọmọ Yorùbá nínú èdè náà, àti ohun tí ó le.

Ohùn Mẹ́rin

Èdè tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé jákèjádò ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ń pè ní pǔtōnghuà, èyí tí ó túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ àjùmọ̀sọ. Gẹ́gẹ́ bí Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ẹ̀gbá àti Oǹdó ti ní ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tiwọn, tí gbogbo wọn sì pàdé nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ tiwọn pọ̀ ju ti ilẹ̀ Yorùbá lọ. Àwọn onílé ní Guangzhou ní èdè Cantonese tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ pǔtōnghuà yóò rí ẹni dá a lóhùn níbẹ̀.

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ ba àwọn òyìnbó lẹ́rù nínú èdè yìí ni ohùn. Ọmọ Yorùbá kò ní ìdí láti bẹ̀rù rẹ̀, nítorí inú ohùn ni wọ́n bí i sí. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ, pé ọkọ kì í ṣe ọkọ̀, pé ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀, ti ní etí tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́.

Yorùbá ní ohùn mẹ́ta: dò, re, mí. Pǔtōnghuà ní mẹ́rin, pẹ̀lú ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í ní àmì. Ohùn kìíní wà lókè, kì í sì í mì. Ó dàbí mí tí a fà gùn. Ohùn kejì ń gun òkè. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pe ìwé yóò gbọ́ pé é tí ó gbẹ̀yìn ń gbéra láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn kẹta wà nísàlẹ̀. Bí ó bá sì dá dúró, a máa yí sókè díẹ̀ ní ìparí. Ohùn kẹrin ń já bọ́ láti òkè, bí ọ̀ tí ó gbẹ̀yìn kọ́bọ̀ ti ń já bọ́ nígbà tí a bá pè é. Nítorí náà, mā ni ìyá. Má ni irú ewéko kan tí a ń fi okùn rẹ̀ hun aṣọ. Mǎ ni ẹṣin. Mà ni kí a bú ènìyàn. Ó hàn gbangba pé ẹni tí kò bá ṣọ́ ohùn lè pe ìyá oníyàá ní ẹṣin.

Fún oníṣòwò, ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí ó ju gbogbo wọn lọ. Mǎi ni kí a ra nǹkan. Mài ni kí a tà á. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Ẹni tí ó bá wọ ilé ìtajà láti ra ẹrù, tí ó sì fi ohùn kẹrin pe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó fi ohùn kẹta pè, ti sọ fún ọlọ́jà pé òun wá ta ẹrù fún un. Bákan náà ni ẹ̀rín àti òṣùwọ̀n: sì ni mẹ́rin, shí ni mẹ́wàá. Bí ahọ́n bá yọ̀, páálí mẹ́rin lè di páálí mẹ́wàá.

Ohùn a máa yí padà nígbà mìíràn. Bí ohùn kẹta méjì bá tẹ̀lé ara wọn, èkíní a di ohùn kejì. Ìkíni tí a kọ ní nǐ hǎo ni a ń pè bí ní hǎo. Èyí kò yẹ kí ó ṣàjèjì. Ọ̀rọ̀-ìṣe rà ní ohùn ìsàlẹ̀ nígbà tí ó bá dá dúró, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ á yí: ra ẹran, ra ìwé. Ọmọ Yorùbá ti ń ṣe irú èyí kí ó tó mọ̀ pé òfin kan wà fún un.

Kíkọ Sílẹ̀

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà kọ èdè náà. Èkíní ni pínyīn, tí ó fi lẹ́tà òyìnbó àti àmì ohùn kọ ọ̀rọ̀ bí ó ti ń dún. Ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí i ní oṣù kejì ọdún 1958. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣiṣẹ́ jùlọ lórí rẹ̀ ni Zhou Youguang, tí a bí ní 1906, tí ó sì kú ní 2017. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Èkó. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, àwọn àgbà ìjọ C.M.S. péjọ sí ìlú yìí láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń fi ojú tín-ín-rín wo àmì ohùn nínú ìwé Yorùbá rẹ̀ yóò rí ìyà rẹ̀ nígbà tí ó bá dé inú pínyīn, nítorí ibẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì kò tíì ní ìtumọ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé gbogbo lẹ́tà pínyīn ni ó ń dún bí ó ti ń dún nínú Yorùbá. X sún mọ́ ṣ wa. P wọn kì í ṣe p inú pápá. Ètè nìkan ni a fi ń pè é, pẹ̀lú èémí tí ó jáde wuu. Q wọn ń dún bí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ tí òyìnbó ń pe ilẹ̀ náà, China, ṣùgbọ́n ahọ́n sún síwájú díẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni àwọn àmì àtayébáyé. Àmì fún igi ni 木. Bí igi bá di méjì, 林, ó di igbó. Bí ó bá di mẹ́ta, 森, ó di igbó kìjikìji. Kì í ṣe gbogbo àmì ni ó rọrùn báyìí, wọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nínú ètò ìdánwò HSK tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2010, ọ̀rọ̀ 150 péré ni a bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní ìpele kìíní, 300 sì ni ti ìpele kejì. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún lóòjọ́ yóò parí 150 láàárín oṣù kan.

Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Tò

Ètò ọ̀rọ̀ wọn sún mọ́ ti Yorùbá ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Wǒ yào mǎi piào: wǒ ni mo, yào ni fẹ́, mǎi ni rà, piào ni tíkẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà nítorí ẹni tí ó ṣe é. Tā kan náà ni wọ́n ń pe ọkùnrin àti obìnrin, bí Yorùbá ti ń lo ó fún àwọn méjèèjì. Wọ́n ní nǐ fún ẹgbẹ́ ẹni, wọ́n sì ní nín fún ẹni tí ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún. Ọmọ tí a kọ́ láti máa sọ ẹ̀yin fún àgbà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Wọn kì í kàn sọ pé ẹnìkan jẹ́ ọmọ ìyá àwọn. Wọ́n ní láti sọ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni gēge, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni jiějie, àbúrò ọkùnrin ni dìdi, àbúrò obìnrin ni mèimei.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ohun tí ó ń ṣe àpèjúwe ni ó máa ń ṣáájú. Yorùbá ní ọkọ̀ pupa. Tiwọn ni pupa ọkọ̀, hóng chē. Ọkọ̀ ojú irin ni huǒchē, èyí tí ó túmọ̀ sí ọkọ̀ iná. Ọkọ̀ òfuurufú ni fēijī, ẹ̀rọ tí ń fò. Kọ̀ǹpútà ni diànnǎo, ọpọlọ oníná. Fóònù alágbèéká sì ni shǒujī, ẹ̀rọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í tètè gbàgbé ẹni, nítorí ìtumọ̀ wọn wà nínú wọn.

Òǹkà wọn rọrùn ju ti Yorùbá lọ. Yī, èr, sān, sì, wǔ, liù, qī, bā, jiǔ, shí: kò sí ohun mìíràn láti há sórí títí dé 99. Àárùndínláàádọ́ta ń fẹ́ kí a mú ogún mẹ́ta, kí a yọ mẹ́wàá, kí a tún yọ márùn-ún. Tiwọn ni sìshíwǔ: mẹ́wàá mẹ́rin àti márùn-ún. Ṣùgbọ́n kí arìnrìn-àjò kíyè sí ọjọ́. Ọdún ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ gbẹ̀yìn. Níbi tí wọ́n bá kọ 3月5日, oṣù kẹta, ọjọ́ karùn-ún ni. Ẹni tí ó bá kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún yóò dé ibùdókọ̀ lẹ́yìn oṣù méjì tí ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ.

Àwọn Tí Ń Ta Ìrìn-Àjò

Ní ilẹ̀ Ṣáínà lónìí, orí fóònù ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí wọ́n sì ti ń gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe òwò yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ọ̀kan ni Qunar, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Beijing ní 2005. Qù ni lọ, nǎr ni ibo: ìbéèrè tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń bi èrò ní ibùdókọ̀ Alápẹ̀rẹ̀ láràárọ̀ ni wọ́n fi sọ ilé-iṣẹ́ lórúkọ. Tuniu ni màlúù ojú ọ̀nà. Mafengwo ni ilé agbọ́n. Fliggy, tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Alibaba, ni wọ́n ń pè ní Fēizhū láti ọdún 2016, ìyẹn ẹlẹ́dẹ̀ tí ń fò. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti ìjọba kò wá orúkọ rárá. 12306, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ni wọ́n fi ń pe ibi tí ó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tí ó tóbi jùlọ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ní Shanghai ní 1999. Ènìyàn mẹ́rin ni ó dá a sílẹ̀: James Liang, Neil Shen, Fan Min àti Ji Qi. Orúkọ rẹ̀ ni Xiéchéng, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Ctrip. Ní àkókò náà, kò pọ̀ ẹni tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé. Nítorí náà, wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú àti ibùdókọ̀ ojú irin láti máa pín káàdì tí a kọ nọ́ńbà fóònù sí fún èrò. Ẹni tí ó bá tẹ̀ wọ́n láago ni wọ́n ń bá gba yàrá. Lára owó tí hòtẹ́ẹ̀lì bá gbà ni wọ́n ti ń rí èrè wọn. Ní 2003 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín ilé-iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà. Ní 2015 Qunar bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ní 2016 ó ra Skyscanner, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Scotland. Ní 2019 ó sì gba orúkọ tuntun, Trip.com Group.

Ohun mìíràn tí ó gbé òwò yìí ga ni ọ̀nà irin. Ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá àkọ́kọ́ láàárín Beijing àti Tianjin bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2008. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, irú ọ̀nà irin bẹ́ẹ̀ ti kọjá kìlómítà 45,000. Orúkọ èrò àti nọ́ńbà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ wà lára gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì. Fún àlejò, nọ́ńbà páásìpọ́ọ̀tù ni. Níbẹ̀ pẹ̀lú, èdè ń ṣọ́ ẹni: xìng, orúkọ ìdílé, ni ó ń ṣáájú, míng, orúkọ ara ẹni, ni ó ń tẹ̀lé e. Orúkọ tí kò bá bá ti páásìpọ́ọ̀tù mu lè dá èrò dúró ní ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí Àìgbédè Ń Náni

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọgbọ́n kan kò sì tán nínú òwò yìí. Ní ìgbà kan, àwọn tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Ṣáínà máa ń fi àmì sí àpótí kan ṣáájú fún ẹni tí ń rà, kí ó lè san owó ìdójútòfò tàbí ti ohun mìíràn tí kò bèèrè fún. Ẹni tí ó bá mọ̀wé kà á mú àmì náà kúrò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà á sanwó. Òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2019 ka irú èyí léèwọ̀.

Ẹ̀sùn mìíràn tún wà tí àwọn ará ibẹ̀ sọ lórúkọ: shā shú, kí a pa ojúlùmọ̀. Ìyẹn ni pé kí ilé-iṣẹ́ bu owó tí ó ga lé oníbàárà àtijọ́, nítorí ó ti mọ̀ pé kò ní lọ síbòmíràn. Ní 2021, ilé-ẹjọ́ kan ní ìlú Shaoxing dá obìnrin kan láre tí ó pe Ctrip lẹ́jọ́ lórí owó hòtẹ́ẹ̀lì tí ó san, tí ó ju ìlọ́po méjì iye tí hòtẹ́ẹ̀lì náà fi síta lọ. Àwọn ìyá ọlọ́jà Mile 12 yóò ya ẹnu sí èyí, nítorí oníbàárà àtijọ́ ni wọ́n ń bu èènì fún. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí arìnrìn-àjò wo iye owó ní ibi méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó san án. Ẹni tí kò sì lè ka ju ibì kan lọ kò ní ibòmíràn láti wò.

Àmì mẹ́ta péré lè gba owó là. 退, tuì, ni dídá padà. 改, gǎi, ni yíyí padà. 不, bù, ni kò. Níbi tí a bá kọ 不可退, tíkẹ́ẹ̀tì náà kò ṣeé dá padà. Ká ní oníṣòwò kan láti Alápẹ̀rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì nítorí ó pọ́ọ́kú, tí kò sì mọ̀ pé àmì mẹ́ta yìí wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹrù rẹ̀ bá sọ fún un pé ẹrù kò ní jáde títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó jà á lólè. Ohun tí kò lè kà ni ó gba owó náà.

Àwọn kan lè wí pé fóònù ti ń túmọ̀ èdè báyìí, kí ni a tún ń kọ́ sí? Fóònù wúlò púpọ̀, kò sì yẹ kí a gàn án. Ṣùgbọ́n bátìrì a máa kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a sì máa lọ. Ọlọ́jà tí àlejò bá sì fi èdè rẹ̀ kí, tí ó sọ nín dípò nǐ fún un, yóò mọ̀ pé ẹni tí ó mọ ìwà ni ó dúró síwájú òun. Ọ̀rọ̀ dídùn ní ń yọ obì lápò. Kò sí èdè tí òwe yìí kò bá mu.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ èdè ẹlòmíràn, kí ó kọ́kọ́ mọ tirẹ̀ dáadáa. Etí tí ó mọ ìyàtọ̀ ìgbà, igbá àti igba ni yóò tètè mọ ìyàtọ̀ mǎi àti mài. Ọwọ́ tí ó ti mọ àmì ohùn Yorùbá í fi sí ipò rẹ̀ kò ní gbọ̀n lórí pínyīn. Ohun-ọjà Ṣáínà yóò máa wọ Alápẹ̀rẹ̀, bóyá ọmọ ibẹ̀ gbọ́ èdè náà tàbí kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni bóyá yóò wà níbi tí wọ́n ti ń ná an, tàbí ẹ̀yìn ògbufọ̀ ni yóò dúró sí.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín mǎi àti mài, kí sì ni ó lè fà fún oníṣòwò?

2. Fi ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì tí kò sí nínú àròkọ yìí ṣe àpẹẹrẹ bí ohùn ti ń yí ìtumọ̀ padà.

3. Ọ̀nà wo ni Ctrip gbà rí oníbàárà nígbà tí kò pọ̀ ẹni tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé?

4. Sọ ìtumọ̀ shā shú, kí o sì fi wé àṣà èènì ní ọjà Yorùbá.

5. Kọ àròkọ lórí àkòrí yìí: “Ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlú kì í sùn sí ìta.”